Mo bá wọn tọ ipasẹ̀ Réjímẹ́ǹtì Kẹrìnlélógún láti Houston dé San Antonio: èrò mi lórí ìrìn náà

Ọkùnrin kan wà ní Houston níbí, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi bọ́ọ̀sì kékeré kó èèyàn lọ síbi tí ìtàn Réjímẹ́ǹtì Ẹlẹ́sẹ̀ Kẹrìnlélógún ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn sójà dúdú, ti ṣẹlẹ̀ ní Texas. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń gbéra ní Houston, wọ́n á dé San Antonio, wọ́n á sì padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. 135 dọ́là ni àgbàlagbà ń san, ọmọ ilé-ìwé ń san ìdajì. N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà, nítorí pé mo fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ibi tó ti dára, òun nìkan ló sì ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ̀wé sí mi, màá fún un ní nọ́ńbà rẹ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ lọ. Owó mi kò ṣòfò.

Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà bó ṣe jáde ní háískúù. Inú bàbá rẹ̀ dùn. Èmi ò róorun sùn. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti wẹ ojú ọgbẹ́ àwọn tó ti Ìráàkì àti Afghanistan dé, mo sì mọ ohun tí ogun máa ń fi ara àti ọkàn èèyàn ṣe. Mo wá ní, bí ọmọ mi bá ti wọ ilé yìí, ó yẹ kí n mọ irú ilé tó jẹ́. Ìwé pélébé tí àwọn tó gbà á síṣẹ́ fún wa kò sọ ju ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ilé-ìwé lọ, pẹ̀lú àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa ló sọ fún mi nípa bọ́ọ̀sì yìí. Àwa obìnrin bíi mẹ́fà la jọ lọ, ọmọ Èkó, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Òṣogbo. A bá tọkọtaya kan láti Louisiana nínú ọkọ̀, àti olùkọ́ kan tó kó ọmọ rẹ̀ méjì dání.

Ó pọ̀, àwọn tó ń sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun dúdú fún àlejò. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́sẹ̀, Ogun Àgbáyé Kìíní, Ìkejì, àwọn awabàálù Tuskegee. Kí wákàtí kan tó pé, orúkọ ti kún etí rẹ, o ò sì mọ ẹni tó ṣe kí ni. Ọkùnrin tiwa ti pinnu lórí réjímẹ́ǹtì kan ṣoṣo, láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n tú u ká. Bí a ṣe ń ki oríkì ìdílé, láti orí ẹni tó tẹ ilé dó, títí kan ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ korò lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń to ìtàn Kẹrìnlélógún. Ohun tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a fi máa padà dé Houston, bí o bá dárúkọ ogun kan fún mi, mo lè sọ ibi tí réjímẹ́ǹtì náà wà nígbà náà, ẹni tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ìjọba fi san án fún wọn.

Iwájú ilé àtijọ́ kan ní Caroline Street ni a ti pàdé. Ní 1925 ni wọ́n kọ́ ọ fún ẹgbẹ́ ológun ìlú tí wọ́n ń pè ní Houston Light Guard. Lónìí, mùsíọ́ọ̀mù Buffalo Soldiers National Museum ló wà nínú rẹ̀ (“Buffalo Soldiers” ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun dúdú àtijọ́ yìí), èyí tí Captain Paul J. Matthews, tó ja ogun Vietnam, dá sílẹ̀ ní 2001. A ò wọlé lọ́jọ́ náà. Ó ní mùsíọ́ọ̀mù náà tó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, kí a padà wá nígbà tí a bá ráyè, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí a mọ̀ nípa ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: inú rẹ̀ ni àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ológun ti kéde, ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, pé àwọn ti fagi lé ẹ̀bi tí wọ́n dá fún sójà 110 láti inú Kẹrìnlélógún ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ń lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.”

Memorial Park ni ibẹ̀. Gbogbo ará Houston mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Ní 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, Camp Logan ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ibùdó tí àwọn ọmọ ogun láti Illinois máa ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kó Bàtálíọ̀nù Kẹta, apá kan nínú Kẹrìnlélógún, wá láti Columbus ní New Mexico lópin oṣù Keje, kí wọ́n máa ṣọ́ ibi iṣẹ́ náà. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ibùdó àwọn sójà dúdú gan-an kò sí nínú pápá ìṣeré náà. Ìta ló wà, lápá ìlà-oòrùn, níbi tí ilé gbígbé kún báyìí. Ó páàkì sẹ́bàá títì, ó mú páálí kan jáde, ó yà á fún wa: ibi tí àgọ́ to sí, ibi tí Camp Logan bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ìlú lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́. Páálí yẹn ṣe mí láǹfààní ju ọ̀pọ̀ fídíò tí mo ti wò lọ.

Àwọn sójà yìí kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ti jagun ní Philippines, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ààlà Mexico dé ni. Wọ́n wọ aṣọ ìjọba, wọ́n gbébọn ìjọba, wọ́n wá dé ìlú tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni èèyàn dúdú gbọ́dọ̀ jókòó sí nínú ọkọ̀ èrò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ọlọ́pàá méjì já wọ ilé obìnrin dúdú kan, Sara Travers, wọ́n ní àwọn ń lé àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọn kò jẹ́ kó fi aṣọ bora dáadáa. Sójà kan, Alonzo Edwards, bèèrè ohun tó dé. Wọ́n lù ú, wọ́n sì mú un. Kọ́pùrù Charles Baltimore, tó jẹ́ ọlọ́pàá ológun fún bàtálíọ̀nù náà, lọ wádìí ọ̀rọ̀ Edwards. Wọ́n lu òun náà, wọ́n yìnbọn tẹ̀lé e, wọ́n tì í mọ́lé. Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé ibùdó ni pé wọ́n ti pa á. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Baltimore padà wá láàyè, ara ti gbóná kọjá ohun tí omi lè pa. Lálẹ́, nínú òjò, sójà tó lé ní 100 gbé ìbọn, wọ́n sì kọrí sí ìlú.

Níbí ni mo ti mọ̀ pé olóòótọ́ ni ọkùnrin yìí. Kò fi èyí ṣe ìtàn akọni. Ó ní èèyàn 19 ló kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá, ará ìlú àti sójà, ó sì ka orúkọ àwọn ọlọ́pàá àti ará ìlú náà kó tó ka ti àwọn sójà. Ọ̀kan nínú wa kùn sí i. Ó dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé àwọn tó kú ní ìyá, àti pé lára wọn ni ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa nípa Sájẹ́ǹtì Vida Henry, tó ṣáájú wọn lọ tí òun náà kò sì rí òwúrọ̀. Ó dákẹ́ ẹjọ́ síbẹ̀, ó ní San Antonio ni ìyókù wà.

Láti Houston dé San Antonio tó 200 máìlì ní I-10, ọ̀nà wákàtí mẹ́ta. Inú ọkọ̀ ló ti padà sẹ́yìn lọ sí 1866. Àléébù kan nìyí tí mo fẹ́ kó tún ṣe. Bí a bá ti àárín ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní Memorial Park, tí a tún wá padà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní bá a dé ibì kankan, nítorí pé kò ní gbohùngbohùn, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń pariwo. Àwọn ọmọ olùkọ́ yẹn bá eré tiwọn lọ. Ìwé ẹyọ kan tó to ọdún sí ìsàlẹ̀ ara wọn, tó bá pín in fún wa ní Caroline Street, ì bá ti yanjú rẹ̀.

Ẹni tó bá jókòó níwájú, bíi tèmi, ọ̀rọ̀ ti bá a. Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, ní 1866, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin pé kí wọ́n dá réjímẹ́ǹtì mẹ́fà sílẹ̀ fún ọmọ ogun dúdú, ẹlẹ́ṣin méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ní 1869 wọ́n sọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin di méjì. Kejìdínlógójì àti Kọkànlélógójì ni wọ́n pa pọ̀ tó di Kẹrìnlélógún. Owó sójà kan jẹ́ 13 dọ́là lóṣù. Nínú Kejìdínlógójì yẹn ni Cathay Williams wà, obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Missouri, tó pe ara rẹ̀ ní William Cathay, tó sì wọ iṣẹ́ ológun ní St. Louis ní oṣù Kọkànlá 1866 bí ọkùnrin. Ó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Ó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ológun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni. Àwa nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ wo ara wa lójú. Irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ń ṣe fún sójà dúdú nígbà náà tí ọ̀rọ̀ yìí fi lè pamọ́? Nígbà tó dàgbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó bèèrè owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní kò tọ́ sí i.

Ó tún sọ ti Isaiah Mays, kọ́pùrù nínú Kẹrìnlélógún. Ní oṣù Karùn-ún 1889, wọ́n ń sin owó oṣù àwọn ọmọ ogun kọjá ní Arizona, tó lé ní 28,000 dọ́là, ni àwọn olè bá dá wọn lọ́nà. Wọ́n yìnbọn fún Mays ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó rìn, ó rákò, ó dé oko ẹran kan ní máìlì méjì sí ibẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́. Wọ́n fún òun àti Sájẹ́ǹtì Benjamin Brown ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ. Mays kú ní 1925 ní ọsibítù ìjọba ní Phoenix, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ láìsí orúkọ lórí sàréè rẹ̀. Ó di 2009 kí wọ́n tó hú egungun rẹ̀ lọ sí Arlington, itẹ́ òkú ńlá àwọn ológun Amẹ́ríkà nítòsí Washington.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Cuba. Ní 1898, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Spain jà, Kẹrìnlélógún wà lára àwọn tó gun òkè San Juan ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì yára gbà á kọjá. Siboney ló dúró lé lórí, abúlé etí òkun kan nítòsí Santiago, níbi tí wọ́n pàgọ́ ọsibítù sí. Ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ń pa àwọn ọmọ ogun níbẹ̀ ju ọta ìbọn lọ. Wọ́n ń wá ẹni tó máa tọ́jú àwọn aláìsàn, àwọn aláṣẹ sì gbà gbọ́ pé ibà náà kì í mú èèyàn dúdú. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bi Kẹrìnlélógún bóyá a rí ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀, àwọn tó jáde pọ̀ ju iye tí wọ́n bèèrè lọ. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n ń gbé ìgbẹ́ àti èébì dànù, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń bu omi síni lẹ́nu, wọ́n ń gbẹ́ sàréè. Bí ọ̀kan bá ṣubú, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Nínú 456 tó rìn lọ sí Siboney, 198 péré ló lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.

Dókítà ọmọ Cuba kan, Carlos Finlay, ti sọ ọ́ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri. Wọn kò kà á sí, títí àwọn ikọ̀ Walter Reed, dókítà ológun Amẹ́ríkà, fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Cuba kan náà ní 1900. Ọdún méjì péré lẹ́yìn Siboney! Nẹ́ẹ̀tì ìbá ti gbà wọ́n là. Mo wà ní wọ́ọ̀dù ní 2020, nígbà tí Kòrónà ń kó èèyàn lọ, tí a sì ń wọlé sí wọn láì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Nítorí náà, mo mọ àwọn ọkùnrin yẹn. N kò rí irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn ogun kankan, bóyá nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń pààyàn ni wọ́n máa ń gbé wa lọ ṣáá, wọn kì í gbé wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn.

Philippines tẹ̀lé e. Kò fo David Fagen, ọmọ Tampa, tó sá kúrò nínú Kẹrìnlélógún ní oṣù Kọkànlá 1899 lọ bá àwọn ará Philippines tó ń jà fún òmìnira wọn, tó sì di captain láàárín wọn. Arìfín ni ọkùnrin ará Louisiana yẹn pè é. Ẹ̀gbọ́n wa ọmọ Ìjẹ̀bú ní ẹni tó mọ ohun tí ìjẹgàba jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di iyàn ńlá. Atọ́nà wa kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní orúkọ Fagen wà nínú ìwé réjímẹ́ǹtì, òun kò sì lágbára láti pa á rẹ́.

Oúnjẹ kò sí nínú owó tí a san. Ó dá wa dúró níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran màlúù sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹran náà dùn, àmọ́ aago méjì ti kọjá kí a tó jẹ ẹ́, omi tó wà nínú ọkọ̀ sì ti tán. Ẹ̀gbọ́n tó ní ìtọ̀ ṣúgà láàárín wa rí àkàrà tí mo dín dání, ìyẹn ló gbà á. Ẹ gbé nǹkan jíjẹ àti omi tó pọ̀ dání.

Ní San Antonio, Fort Sam Houston National Cemetery la lọ, itẹ́ òkú àwọn ológun tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Kí a tó sọ̀kalẹ̀ ló parí ẹjọ́ náà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1917 ni ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú Gift Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì inú bárékè Fort Sam Houston. Sójà 63 ni wọ́n kó síwájú ilé-ẹjọ́ ológun lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gágun kan ṣoṣo, Major Harry Grier, ló sì ń gbèjà gbogbo wọn. Ó ti kọ́ni ní òfin rí, àmọ́ kì í ṣe lọ́yà. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún 13. Kò sí àyè ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, wọ́n so wọ́n kọ́ lẹ́bàá odò Salado kí ayé tó gbọ́. Charles Baltimore wà lára wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún so mẹ́fà kọ́. Ariwo tó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ló mú kí ilé-iṣẹ́ ológun pàṣẹ ní 1918 pé ẹjọ́ ikú kò gbọdọ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tún un yẹ̀ wò ní Washington. Ààbò tí ọmọ mi ní lónìí bí ẹjọ́ bá kàn án, ọ̀nà ọrùn àwọn mẹ́tàlá yẹn ló gbà wọlé.

A ò wọ Gift Chapel, nítorí pé inú bárékè ló wà, ó sì gba ìwé àṣẹ. Ìwé ìpolówó rẹ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni pé a máa wọ ibẹ̀. Kò dára bẹ́ẹ̀. Kó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí kó bá wa gba ìwé àṣẹ náà ṣáájú.

Sàréè 17 nínú àwọn sójà 19 tí wọ́n so kọ́ yẹn ló wà ní itẹ́ òkú yìí. Ẹbí àwọn méjì gba òkú tiwọn. Ní 1937 ni wọ́n kó wọn wá láti ẹ̀bá odò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ àti ọjọ́ ikú nìkan ló wà lórí òkúta wọn, bẹ́ẹ̀ ti sójà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé ipò, réjímẹ́ǹtì àti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n rì òkúta tuntun mọ́lẹ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀. Atọ́nà wa ní fáìlì kan tó ní ojú ewé kan fún sójà kọ̀ọ̀kan: ibi tí wọ́n ti bí i, iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọ ológun. Ó fún wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí oníkálùkù lọ wá sàréè ẹni tirẹ̀. Ti Thomas Hawkins bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó so ó kọ́, ó ní kó má banú jẹ́, ọ̀run lòun ń lọ. Mo ka á lórí ìdúró. Mo sunkún, mi ò sì tijú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo san owó fún, fáìlì yẹn ló jù. Fótókópì náà ti ń ṣá. Kó tún un tẹ̀ nígbà tó bá rówó.

Ibẹ̀ náà ló ti bi wá ní ìlú wa. Bí a ṣe dárúkọ Èkó, ó ní, “Ẹ̀yin ará Èkó, Colonel Young kú sọ́dọ̀ yín.” Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Charles Young ni èèyàn dúdú kẹta tó jáde ní West Point, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, ní 1889, òun sì ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di kọ́nẹ́ẹ̀lì nínú ojúlówó iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́ṣin ni ní tirẹ̀, kì í ṣe Kẹrìnlélógún. Ní 1917, wọ́n ní ara rẹ̀ kò le, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ó gun ẹṣin láti Wilberforce ní Ohio dé Washington ní 1918, nǹkan bí 500 máìlì, kí wọ́n lè rí i pé ara òun le. Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Liberia bí aṣojú ológun, láti ibẹ̀ ló ti wá sí Nàìjíríà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1922. Ilẹ̀ Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí Arlington ní 1923. Ní 2022 ni wọ́n tó fi oyè brigadier general dá a lọ́lá. Mo tẹ màmá mi láago ní Súrùlérè lójú ẹsẹ̀. Màmá ní ta ló mọ̀ ọ́n nílé ìwé? N kò rí èsì fún wọn.

Ìrìn àbọ̀ ni ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ àwa náà, bẹ́ẹ̀ àkókò yẹn ló kó Ogun Àgbáyé Kejì àti Korea sí. Ó fẹnu ba erékùṣù Aka létí Okinawa ní Japan, níbi tí ọ̀gá Kẹrìnlélógún ti gba àwọn ọmọ ogun Japan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n túúbá ní oṣù Kẹjọ 1945. Ó dárúkọ William Thompson, tó dúró ti ìbọn arọ̀jò-ọta rẹ̀ ní 1950 kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sá là, àti Cornelius Charlton, tó kú lórí òkè kan ní 1951. Àwọn méjèèjì gba Medal of Honor lẹ́yìn ikú. Leon Gilbert náà wà níbẹ̀, lieutenant tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún nítorí pé ó kọ àṣẹ, tí Ààrẹ Truman sì yí i padà sí ẹ̀wọ̀n 20 ọdún. Ọ̀rọ̀ Gilbert nìkan tó wákàtí kan. Ó fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1951 ni wọ́n tú réjímẹ́ǹtì náà ká, nítorí pé Truman ti pàṣẹ ní 1948 pé kí wọ́n fòpin sí yíya dúdú àti funfun sọ́tọ̀. Bàtálíọ̀nù Kìíní rẹ̀ padà wáyé ní 1995, ó lọ Mosul ní Ìráàkì, gbogbo àwọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀, àmọ́ mo ti fi fótò òkúta Hawkins ránṣẹ́ sí i, ó sì ti ní kí n wá sọ gbogbo rẹ̀ fún òun nígbà tó bá gba ìsinmi.

Bí ó bá jẹ́ èmi, màá pín in sí ọjọ́ méjì, kí a sùn ní San Antonio, kí Korea lè rí àyè tirẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní owó òtẹ́ẹ̀lì ló ń dá òun dúró. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkarùn-ún wà fún ọjọ́ tó bá ra gbohùngbohùn, tó sì tún ìwé ìpolówó rẹ̀ kọ. Ẹ jókòó síwájú ọkọ̀. Ẹ má lọ ní oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ bí ẹ bá ní àgbàlagbà dání, oòrùn itẹ́ òkú yẹn kò ní ibòji. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, ẹ fi sílé. Owó ọwọ́ tàbí Zelle ló ń gbà, ó sì máa ń dá owó padà bí ẹ bá ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé ẹ ò lè wá mọ́.